PÁPÁ TÍ A FẸ́ KỌ́ LẸ́YÌN GBỌ̀NGÀN: Ẹ JẸ́ KÍ A BẸ̀RẸ̀ LÁTI ABẸ́ ILẸ̀

  

Ọ̀rọ̀ kan dá àríyànjiyàn sílẹ̀ ní ìpàdé gbogbogbòò tí a ṣe kẹ́yìn, gbogbo wa ni a sì mọ̀ ọ́n. Àwọn ọ̀dọ́ wa dìde, wọ́n bẹ ẹgbẹ́ pé kí a lo ilẹ̀ tí ó ṣófo lẹ́yìn gbọ̀ngàn láti kọ́ pápá fún eré kan tí wọ́n ń pè ní pickleball. Àwọn kan rẹ́rìn-ín. Bàbá kan béèrè bóyá nítorí àtigbá bọ́ọ̀lù ni àwọn bàbá wa ṣe fi ilé sílẹ̀ tí wọ́n wọ rélùwéè wá sí òkè ọya. Àwọn mìíràn ní ṣọ́ọ̀bù ni kí a kọ́ síbẹ̀, kí owó máa wọlé. Ilẹ̀ ṣú, a kò sì fi ẹnu ọ̀rọ̀ jóná. A gbé e fún ìgbìmọ̀.

Èrò tí ó wà lọ́kàn wa nínú ìwé yìí ni pé kí a kọ́ pápá náà. Ṣùgbọ́n bí a kò bá ní kọ́ ọ dáadáa láti abẹ́ ilẹ̀ wá, kí a kúkú fi ilẹ̀ náà sílẹ̀ bí ó ti wà.

Kí n tó lọ jìnnà, ó yẹ kí n sọ ohun kan. Èmi akọ̀wé yín tí mo ń kọ ìwé yìí, símẹ́ńtì ni mo ń tà, gbogbo ọjà ni ó sì mọ̀ mí mọ́ ọn. Ẹni tí ó bá fẹ́ sọ pé nítorí ọjà mi ni mo ṣe ń gbè sẹ́yìn iṣẹ́ kọnkéré kò jẹ̀bi. Nítorí náà, mo sọ ọ́ ní gbangba pé ẹgbẹ́ kò ní ra àpò símẹ́ńtì kan ṣoṣo lọ́wọ́ mi fún iṣẹ́ yìí, bẹ́ẹ̀ ni kò ní rà lọ́wọ́ àbúrò mi tàbí ọmọ iṣẹ́ mi. Kí wọ́n kọ ọ́ sínú ìwé ìpàdé.

Nísisìyí, kí ni eré náà? Ní 1965, ní erékùṣù Bainbridge ní ìpínlẹ̀ Washington ní Amẹ́ríkà, ọkùnrin kan tí ó ń jẹ́ Joel Pritchard àti ọ̀rẹ́ rẹ̀ Bill Bell dé sílé, wọ́n bá àwọn ará ilé wọn tí wọ́n jókòó tí wọn kò rí nǹkan ṣe. Pápá badminton àtijọ́ kan wà ní àgbàlá, ṣùgbọ́n ohun èlò rẹ̀ kò pé. Wọ́n wá mú pátákó tí a fi ń gbá bọ́ọ̀lù orí tábìlì, wọ́n mú bọ́ọ̀lù oníke tí ó ní ihò lára, wọ́n sì bẹ̀rẹ̀ sí í gbá a lórí àwọ̀n. Ọ̀rẹ́ wọn Barney McCallum dara pọ̀ mọ́ wọn, ó fi pláíwúùdù gé pátákó tí ó tóbi ju ti àkọ́kọ́ lọ. Báyìí ni eré náà ṣe bẹ̀rẹ̀, láti ara àwọn tí wọ́n jókòó láìrí nǹkan ṣe. Bí ó bá jẹ́ pé nítorí èyí ni wọ́n ṣe dá a sílẹ̀ lọ́hùn-ún, àwa náà kò ha ní àwọn tí ó jókòó bẹ́ẹ̀ ní Sábọ̀n Gàrí?

Bí wọ́n ti ń ṣe é kò le. Ènìyàn 2 tàbí 4 ni ó ń gbá a. Ẹni tí yóò kọ́kọ́ gbá bọ́ọ̀lù yóò gbá a láti ìsàlẹ̀ wá, ní ìdábùú, sí apá kejì. Bọ́ọ̀lù gbọ́dọ̀ kan ilẹ̀ lẹ́ẹ̀kan ní apá kìíní kejì kí ẹnikẹ́ni tó lè gbá a ní òfuurufú. Ní ẹsẹ̀ bàtà 7 tí ó sún mọ́ àwọ̀n, kò sí ẹni tí ó lè dúró níbẹ̀ gbá bọ́ọ̀lù tí kò tíì kan ilẹ̀. Nítorí òfin yìí, alágbára kò lè dúró gbọnrangandan sí ẹnu àwọ̀n kí ó máa fi bọ́ọ̀lù lu ẹni tí kò lágbára. Ẹni tí ó bá kọ́kọ́ ní àmì 11, tí ó sì fi 2 ju èkejì lọ, ni ó borí. Àgbà tí orúnkún ń dùn lè bá ọmọ ọmọ rẹ̀ ṣe é.

Ẹnìkan béèrè ìdí tí a kò fi kọ́ pápá tẹ́níìsì tàbí ti bọ́ọ̀lù ẹlẹ́sẹ̀. Ìdáhùn rẹ̀ kò ju ilẹ̀ lọ. Pápá tẹ́níìsì fúnra rẹ̀ jẹ́ ẹsẹ̀ bàtà 36 ní ìbú àti 78 ní gígùn, bí a bá sì fi àyè tí wọn yóò máa sáré sí kún un, yóò tó 60 ní 120. A kò ní irú ilẹ̀ bẹ́ẹ̀. Pápá pickleball jẹ́ ẹsẹ̀ bàtà 20 ní ìbú àti 44 ní gígùn, bákan náà pẹ̀lú pápá badminton fún ènìyàn 4. Bí a bá fi àyè ìsáré kún un, 30 ní 60 ni ó kéré jù, 34 ní 64 ni ó sì dára jù. Ilẹ̀ wa gba èyí.

Ẹ jẹ́ kí a sọ òótọ́ fún ara wa nípa ohun tí ó wà nídìí ọ̀rọ̀ yìí. Ìwé orúkọ ẹgbẹ́ wà lọ́wọ́ mi. Nígbà tí mo bá pe orúkọ ní ìpàdé, àwọn tí ń dáhùn ni àwọn tí irun wọn ti funfun. Àwọn ọmọ tí a bí sí Kánò yìí, Haúsá ni wọ́n ń sọ ní títì, Gẹ̀ẹ́sì ni wọ́n ń sọ ní ilé ìwé, Yorùbá sì di èdè tí wọ́n ń gbọ́ nígbà tí inú bá bí ìyá wọn. Ọjọ́ ìsìnkú àti ọjọ́ ìgbéyàwó nìkan ni wọ́n ń wọ ọgbà ẹgbẹ́. Ní ìrọ̀lẹ́, ẹ lọ wò wọ́n ní ẹnu ọ̀nà ilé tẹ́tẹ́ bọ́ọ̀lù, fóònù lọ́wọ́, owó ìyá wọn nínú àpò. Bí àwa àgbà bá kú tán, ta ni yóò gba kọ́kọ́rọ́ gbọ̀ngàn? Àwọn bàbá wa sọ pé ọmọ tí a kò kọ́ ni yóò gbé ilé tí a kọ́ tà. Bí ó bá jẹ́ ṣọ́ọ̀bù nìkan ni a kọ́, tí a kò kọ́ ọmọ, ṣọ́ọ̀bù náà ni wọn yóò kọ́kọ́ tà.

Ọmọ tí ó bá ń wá gbá bọ́ọ̀lù ní ọgbà ẹgbẹ́ ní ìrọ̀lẹ́ yóò bá àwọn àgbà níbẹ̀, yóò kí wọn bí a ti ń kí àgbà, yóò gbọ́ èdè wa, yóò mọ̀ pé ilé kan wà tí ó jẹ́ ti òun. Ẹ má sì fojú kéré eré pátákó. Aruna Quadri, ọmọ tí a bí ní Ọ̀yọ́, ni ọmọ Áfíríkà àkọ́kọ́ tí ó dé ìpele àwọn 8 tí ó kù nínú bọ́ọ̀lù orí tábìlì ní Òlíḿpíìkì, ní Rio ní 2016. A kò sọ pé gbogbo ọmọ wa yóò dà bí rẹ̀. A ń sọ pé ọmọ tí ó ní ibi tí yóò lọ ní ìrọ̀lẹ́ sàn ju ọmọ tí kò ní lọ.

Ó wá ku ọ̀rọ̀ ṣọ́ọ̀bù, ọ̀rọ̀ tí kì í ṣe kékeré. Ilẹ̀ wa jẹ́ ẹsẹ̀ bàtà 80 láti ìlà-oòrùn sí ìwọ̀-oòrùn, ó sì jẹ́ 70 láti àríwá sí gúúsù. Títì wà ní apá àríwá. Àwòrán 2 ni ó wà níwájú ìgbìmọ̀. Nínú ti àkọ́kọ́, pápá dùbúlẹ̀ láti ìlà-oòrùn sí ìwọ̀-oòrùn ní ẹ̀yìn, ṣọ́ọ̀bù 8 tí ọ̀kọ̀ọ̀kan jẹ́ ẹsẹ̀ bàtà 10 ní ìbú sì kọjú sí títì. Nínú èkejì, pápá dùbúlẹ̀ láti àríwá sí gúúsù. Ó gba 34 nínú 80, ó ku 46, èyí tí ó gba ṣọ́ọ̀bù 4 àti ọ̀nà ẹsẹ̀ bàtà 6. Ọ̀pọ̀ nínú ìgbìmọ̀ fẹ́ ti àkọ́kọ́ nítorí owó ṣọ́ọ̀bù 4 tí ó lé.

Àwa fẹ́ èkejì, ìdí rẹ̀ sì ni oòrùn. Ta ni yóò gbá bọ́ọ̀lù ní ọ̀sán gangan ní Kánò? Kò sí. Òwúrọ̀ kùtùkùtù ni, àti ìrọ̀lẹ́ láti agogo 4 títí ilẹ̀ yóò fi ṣú. Ní àkókò wọ̀nyí gan-an ni oòrùn ń wálẹ̀ sí ojú ènìyàn. Bí pápá bá kọjú sí ìwọ̀-oòrùn, ẹni tí ó wà ní apá kan kò ní rí bọ́ọ̀lù ní ìrọ̀lẹ́. Ẹni tí ó wà ní apá kejì kò ní rí i ní òwúrọ̀. A ó ti ná owó tán kí a tó mọ̀ pé pápá tí kò ṣeé lò ní àkókò tí ènìyàn ráyè ni a kọ́. Láàárín ọdún 2, ẹnìkan yóò dìde ní ìpàdé pé, “Ẹ kò rí i pé wọn kò lò ó? Ẹ jẹ́ kí a fi ṣọ́ọ̀bù sí i.” Bí pápá bá dùbúlẹ̀ láti àríwá sí gúúsù, ẹ̀gbẹ́ ni oòrùn yóò wà fún ẹni méjèèjì. Ẹ jẹ́ kí a gba ṣọ́ọ̀bù 4, kí a fi díẹ̀ nínú owó rẹ̀ máa tún pápá ṣe, kí a máa fi ra àwọ̀n àti bọ́ọ̀lù. Àgbà rí owó, ọmọdé rí pápá, kò sí ẹni tí ó lọ lọ́wọ́ òfìfo.

Ibi tí ẹrù mi ti wúwo jù ni a dé yìí. Gbogbo wa ni a rántí ilẹ̀ kọnkéré tí a tẹ́ síwájú gbọ̀ngàn ní ọdún díẹ̀ sẹ́yìn. Ó ku ọjọ́ 3 kí a ṣe ayẹyẹ. Wọ́n da yẹ̀pẹ̀ tuntun sí ibi tí ó jìn, wọn kò gún un, wọ́n sì da kọnkéré lé e ní ọjọ́ kan ṣoṣo. Ẹnikẹ́ni kò bu omi sí i. Ní ọjọ́ ayẹyẹ, ọkọ̀ tí ó kó àga àti àgọ́ wá gun orí rẹ̀. Kí òjò ọdún náà tó dá, ó ti là yẹ́bẹ́yẹ́bẹ́, omi sì ń dúró ní àárín rẹ̀. Èmi ni mo kọ ọ́ sínú ìwé pé iṣẹ́ ti parí, ó sì dára. Wọ́n ní kí n kọ ọ́, mo sì kọ ọ́, bẹ́ẹ̀ ni mo mọ̀ pé kò rí bẹ́ẹ̀. Ẹ̀bi mi wà níbẹ̀, mo sì tọrọ àforíjì lọ́wọ́ gbogbo ẹni tí ó dá owó. N kò ní kọ irú rẹ̀ mọ́.

Nítorí náà, ẹ jẹ́ kí a mọ ohun tí iṣẹ́ dáadáa jẹ́, kí ẹnikẹ́ni má baà fi ojú pápá tí ó ń dán tàn wá jẹ.

Gọ́tà ni kí a kọ́kọ́ gbẹ́. Láti oṣù kẹfà sí oṣù kẹsàn-án ni ọ̀pọ̀ òjò Kánò ń rọ̀, tí ó bá sì rọ̀, a máa rọ̀ kíkankíkan. Kí pápá dagun díẹ̀ láti ẹ̀gbẹ́ kan sí ẹ̀gbẹ́ kejì, ínǹṣì 1 ní ẹsẹ̀ bàtà 10. Ní ìbú ẹsẹ̀ bàtà 34, èyí jẹ́ bí ínǹṣì 3 àti ààbọ̀ láti ìlà-oòrùn sí ìwọ̀-oòrùn, níbi tí gọ́tà yóò wà. Ojú kò ní fi bẹ́ẹ̀ rí i, ṣùgbọ́n omi yóò rí i. Kí ó má ṣe dagun láti orí dé ìdí, kí ẹnìkan má baà wà ní òkè kí èkejì wà ní ìsàlẹ̀.

Lẹ́yìn èyí ni ilẹ̀. Ẹ rántí pé ààtàn ni ibẹ̀ jẹ́ tẹ́lẹ̀. Kí a kó gbogbo ìdọ̀tí àti yẹ̀pẹ̀ rírọ̀ kúrò títí a ó fi kan ilẹ̀ líle. Kí a da yangí sí i ní ìpele ìpele, ínǹṣì 6 lẹ́ẹ̀kan, kí a wọ́n omi díẹ̀ sí i, kí a sì tẹ̀ ẹ́ títí yóò fi le kí a tó da òmíràn. Ibi tí owó máa ń sọnù sí nìyí, nítorí pé nígbà tí kọnkéré bá ti bò ó, kò sí ẹni tí ó lè rí i mọ́.

Kọnkéré fúnra rẹ̀, kí ó nípọn ní ínǹṣì 4, kí náílọ́ọ̀nù wà lábẹ́ rẹ̀. Kí a ti gbẹ́ ihò òpó àwọ̀n sílẹ̀ kí a tó dà á, kí òpó méjèèjì fi ẹsẹ̀ bàtà 22 jìnnà sí ara wọn. Àwọ̀n yóò ga ní ínǹṣì 36 ní ẹ̀gbẹ́, 34 ní àárín. Kọnkéré a máa sún kì bí ó ti ń gbẹ, kò sì sí bí kò ṣe ní là. Nítorí náà, kí a gé ojú ìlà sí i ní abẹ́ àwọ̀n, kí ó là síbẹ̀, kí ó má ṣe là sí ibi tí bọ́ọ̀lù ń kàn. Kí a fi ìgbálẹ̀ ra ojú rẹ̀ díẹ̀ nígbà tí ó ṣì tutù. Bí ó bá dán jù, ènìyàn yóò yọ̀ ṣubú.

Lẹ́yìn náà, kí a máa bu omi sí i ní òwúrọ̀ àti ní alẹ́ fún ọjọ́ 7 ó kéré jù, kí a fi àpò tí ó tutù bò ó, kí a sì dúró di ọjọ́ 28 kí a tó kùn ún. Ọyẹ́ ilẹ̀ Haúsá yìí a máa gbẹ ojú kọnkéré kí inú rẹ̀ tó le. Nítorí náà, kí a ṣe iṣẹ́ ilẹ̀ nígbà tí òjò bá dá ní oṣù kẹwàá, kí a sì da kọnkéré kí ọyẹ́ tó gbóná janjan. Kí a má sì so ó mọ́ ayẹyẹ kankan. Ohun tí a bá fi ẹ̀sọ̀ mú kì í bàjẹ́.

Ẹ̀yin tí ẹ kò kàwé púpọ̀ bí èmi, ẹ má rò pé ẹ kò lè yẹ iṣẹ́ náà wò. Ẹ na okùn láti igun kan sí igun kejì ní ìdábùú ìlà 20 ní 44: ó gbọ́dọ̀ jẹ́ ẹsẹ̀ bàtà 48 àti ínǹṣì 4, ìdábùú méjèèjì sì gbọ́dọ̀ dọ́gba. Bí wọn kò bá dọ́gba, pápá náà wọ́. Símẹ́ńtì pẹ̀lú ní ìṣirò tirẹ̀. Ilẹ̀ 34 ní 64 tí ó nípọn ní ínǹṣì 4, tí a po ní ìwọ̀n símẹ́ńtì 1, iyanrìn 2, òkúta 4, yóò gba bí 130 àpò. Bí ẹnìkan bá fi ínǹṣì 1 péré gé e kù, ó lé ní 30 àpò tí ó ti rìn lọ nìyẹn, ojú kò sì ní mọ̀ ọ́n. Nítorí náà, kí a fi rúlà wọn etí pákó ní gbogbo igun kí a tó dà á, kí a ka àpò òfìfo lẹ́yìn iṣẹ́.

Kí a má gbàgbé àwọn aládùúgbò. Bọ́ọ̀lù yìí a máa dún kó, kó, kó lára pátákó, wọ́n sì ti pe ara wọn lẹ́jọ́ nítorí ariwo rẹ̀ ní Amẹ́ríkà. Kí Alága àti àwọn àgbà lọ kí àwọn tí ilé wọn yí wa ká kí a tó gbẹ́ ilẹ̀. Kí eré dúró ní àkókò ìrun, kí ó sì parí ní agogo 8 alẹ́. Kí ilẹ̀kùn sì ṣí sílẹ̀ fún ọmọ Haúsá àti ọmọ Íbò tí ó bá fẹ́ bá ọmọ wa gbá a. Àlejò tí ó kọ́ ilé tí kò jẹ́ kí onílé wọ̀ ọ́ kò mọ ìwà hù.

Ohun tí a ń bẹ̀bẹ̀ fún ní ìpàdé tí ń bọ̀ kò ju 4 lọ. Èkíní, kí a gba àwòrán tí pápá rẹ̀ dùbúlẹ̀ láti àríwá sí gúúsù, pẹ̀lú ṣọ́ọ̀bù 4. Èkejì, kí a pín iṣẹ́ sí ipele 3, gọ́tà àti ilẹ̀, kọnkéré, lẹ́yìn náà ọ̀dà àti ọgbà wáyà, kí a má sì san owó ipele kan títí ipele tí ó ṣáájú rẹ̀ yóò fi yege. Ẹ̀kẹta, kí ìgbìmọ̀ ayẹ̀wò jẹ́ ẹni 5: àgbà 2, ìyá ọlọ́jà 1, ọ̀dọ́ 2. Ẹ̀kẹrin, kí a lẹ ìwé ìṣírò owó mọ́ ẹnu ọ̀nà gbọ̀ngàn ní òpin oṣù kọ̀ọ̀kan, kí ẹni tí ó dá náírà kan lè kà á.

Ẹ̀yin ọ̀dọ́, tiyín náà wà níbẹ̀. Ẹ̀yin ni ẹ béèrè. Ẹ wá kó ààtàn kúrò fúnra yín ní ọjọ́ Sátidé, kí àwọn àgbà lè rí i pé ọ̀rọ̀ yín jinlẹ̀. Àjèjì ọwọ́ kan kò gbé ẹrù dé orí.

Kí Ọlọ́run fún wa ní sùúrù láti ṣe ohun tí ojú kò rí kí a tó ṣe ohun tí ojú rí. Kí àwọn ọmọ wa má ṣe sọnù mọ́ wa lọ́wọ́ ní àjò. Àmín.

Èmi ni ti yín nítòótọ́,
Akọ̀wé Ẹgbẹ́.